Ariwo Èémí Àbúrò Mi

"Ẹ dá odó yẹn dúró ná! Ẹ jẹ́ n gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe ń mí."

Ohùn Ìyá Àgbà kì í ṣe ohùn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọge méjì tó ń gún fùfú lẹ́bàá ògiri gbé ọmọ odó dúró sókè. Ẹni tó ń fọ abọ́ káwọ́ ró. Onílé wa pàápàá, obìnrin Àṣáǹtì kan tí Yorùbá rẹ̀ kò kọjá "ẹ káàárọ̀", pa ẹnu dé. Adìyẹ nìkan ló kọ̀ tí kò dákẹ́, wọ́n sì lé e jáde.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Àbúrò mi ọkùnrin nà gbalaja lórí ojúgun wọn, ara rẹ̀ ń dán fún ọṣẹ dúdú àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n di ojú. Nígbà tí gbogbo agboolé ti pa rọ́rọ́ ni àwa yòókù náà tó gbọ́ ọ dáadáa. Nígbàkígbà tí ọmọ náà bá fa èémí sínú, á dún híìn, híìn, bí ọmọ àkùkọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ.

"Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe báyìí?"

"Láti ìjẹta, Ìyá," ni ìyá mi dáhùn. "Mo rò pé ọ̀fìnkìn ni."

"Ọ̀fìnkìn kọ́," ni Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì ń bá ọmọ wíwẹ̀ lọ bí ẹni pé wọn kò sọ nǹkan kan.

Mo rí ojú ìyá mi nígbà náà, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ti bà wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, wọn kò tún gbọ́ ìró ọmọ mọ́ títí mo fi dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń rán lọ sọ́jà. Àwọn èèyàn bàbá mi ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì, wọn kò tilẹ̀ rọra sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ àti omijé ni wọ́n fi gba ọmọkùnrin yìí lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí ohunkóhun bá ṣe é, mi ò rò pé ìyá mi lè dìde ńlẹ̀ mọ́.

Fáńtì Níù Táùn ni à ń gbé ní Kùmásí, ní àwọn ọdún tí gbogbo ẹnu ń sọ̀rọ̀ òmìnira. Bàbá mi wá láti Ìlọrin, wọ́n ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti díńgí ní ọjà ńlá. Ìyá mi ní tiwọn, Kùmásí ni wọ́n bí wọn sí, mo sì gbà pé Twi, èdè àwọn Àṣáǹtì, ni wọ́n fi ń lá àlá. Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹbí wa rárá. Yàrá kan ni wọ́n ní lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se ọṣẹ. Wọ́n á sun èèpo kòkó di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ àdín nínú ìkòkò ńlá, wọ́n á máa rò ó. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá, á wọ inú aṣọ wa, bí a bá dé ilé ìwé àwọn ọmọ yòókù á ní àwa ọmọ ọlọ́ṣẹ ti dé. Àwọn ará Kùmásí ń pe ọṣẹ náà ní àlàtà sàmínà, nítorí Àlàtà ni orúkọ tí wọ́n fún àwa Yorùbá. Orúkọ tiwa ni wọ́n fi ń wẹ̀ láràárọ̀, Ìyá Àgbà sì máa ń fi èyí yangàn.

Kò sí ọmọ tuntun tí wọ́n bí nínú ilé yẹn, ìbáà jẹ́ ti Àṣáǹtì, ìbáà jẹ́ ti Fáńtì tàbí tiwa, tí kò gba orí ojúgun Ìyá Àgbà kọjá. A kì í bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ti gbọ́ igbe ọmọ, wọ́n ti ń gbé omi kaná. Tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán tí wọ́n fi òrí pa á lára, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, wọ́n á sì fetí sí èémí rẹ̀. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni wọ́n ń gbọ́.

"Ilé mẹ́ta ni èémí ọmọ ń gbà kọjá," ni wọ́n sọ fún mi. "Ilé imú, ilé ọ̀fun, ilé àyà. Èyí tó bá há nínú wọn ló ń pariwo. Ẹni tí kò bá mọ ilé tí ariwo ti ń wá, ilé onílé ni yóò máa tún ṣe kiri."

Wọ́n ṣe ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi. Ti imú ń fọn, ó ń ṣe fín-ín fín-ín, kò le. Ẹnu ni wọ́n fi ń fa ikun imú náà jáde tí wọ́n á sì tu ú dànù, àwa ọmọdé á máa ké "yẹ̀ẹ̀!" Ti ọ̀fun ni híìn tí a ń gbọ́ bí ọmọ bá ń mí sínú. Ti àyà ń hó wúruwùru nísàlẹ̀, tàbí kó máa súfèé bí ọmọ bá ń mí síta. Wọ́n ní ti àyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọṣẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo, eré là á fi gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n mọ ohùn wọ̀nyí ṣe débi pé ìyá ọmọ kan ní iwájú ilé yọjú lójú fèrèsé, ó rò pé ọmọ òun ni.

Ti ọ̀fun ni ti àbúrò mi. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, Ìyá Àgbà dá a dùbúlẹ̀, ariwo náà lọ sókè. Wọ́n yí i dojú dé sórí apá wọn, ó sì lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n yí ohùn rédíò wálẹ̀.

"Ṣé ó ń mu ọmú?"

"Ó ń mu ún paa, ó ń mu ún gan-an, Ìyá."

"Ṣé ó ń sanra?"

"Ẹ wo itan rẹ̀."

"Bó bá ń sunkún, ṣé ètè rẹ̀ ń dúdú? Ṣé ó máa ń gbàgbé láti mí?"

"Rárá o. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ó dáa. Síbẹ̀, gbé e lọ kí dókítà wò ó. Etí èmi ti ń gbó."

Dókítà wò ó. Ó ní ẹran ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ṣì rọ̀, pé yóò gbó bí ọmọ bá ń dàgbà, kí a máa ṣọ́ ọ, kí a sì gbé e padà wá kíá bí ó bá ṣàìlè mu ọmú tàbí tí àyà rẹ̀ bá ń wọnú. Ìyá mi fi ẹ̀rín wọlé lọ́jọ́ náà. Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní inú àwọn dùn pé kì í ṣe àwọn nìkan ló rò bẹ́ẹ̀.

Bí ariwo náà ṣe di ara ilé wa nìyẹn. Èmi ló sábà máa ń pọ̀n ọ́n, nítorí náà ẹ̀yìn mi ló mọ̀ ọ́n jù. Mo fi ń mọ̀ bó bá ti sùn, mo fi ń mọ̀ bó bá fẹ́ bínú. Àwọn ọmọ agboolé sọ ọ́ ní Àkùkọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá lára mu rárá ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, tí à ń pè ní Ìyá Sóńgò. Èèyàn rere ni wọ́n, àmọ́ ojú ayé ń tì wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

"Wallahi, ariwo ọmọ yìí ti tó gẹ́ẹ́!" ni wọ́n bá wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Mo pọ̀n ọ́n lọ kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi, ẹnì kan ń bi mí bóyá ológbò ni mo pọ̀n. Haba!"

Wọ́n mú ìgò kan dání. Omi wàláà ni, omi tí ààfáà fi fọ ẹsẹ Kùránì tó kọ sára wàláà kúrò. Àgbo wà nínú ìgò kejì. Wọ́n ní àwọn á rọ ọmọ náà lónìí, ọ̀fun rẹ̀ á sì là. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí rírọ jẹ́, wọ́n á dá ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á dí i nímú. Bó bá ti fẹ́ mí ni yóò máa gbé e mì. Gbogbo ìyá wa ló ń ṣe é, wọn kò sì rí nǹkan burúkú nínú rẹ̀.

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá ìrọṣẹ sílẹ̀, wọ́n wá dúró sáàárín. "Ọmọ tí ọ̀nà èémí rẹ̀ há, omi lo fẹ́ dà sọ́nà náà?"

"Ìyá, ẹ má bínú o. Gbogbo wa pátá ni wọ́n rọ dàgbà."

"Àwa tó dàgbà lò ń kà yẹn."

Ìyá Àgbà wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. "Àkọ́bí mi ń mí bí eléyìí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rọ ọ́." Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé báwo ló ṣe parí. Mi ò tíì gbọ́ rí pé wọ́n bímọ.

Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Sóńgò. Ìyàwó ilé kì í bá ẹ̀gbọ́n ọkọ jiyàn, ìyá mi náà sì mọ̀ pé ó lè bí ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì. "Ìyá mi, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín. Ẹ má rọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi omi wàláà pa á lára."

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò ní ṣàì gba awọ ara wọlé," ni Ìyá Àgbà wí.

Ta ni yóò ní irọ́ ni? Wọ́n fi omi náà pa ọmọ lára, wọ́n da àgbo nù. Bàbá mi, tí wọ́n ti ń wá fìlà wọn láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, rí fìlà náà lójijì, wọ́n sì gba ọjà lọ.

Ọyẹ́ mú gidigidi lọ́dún yẹn. Ètè gbogbo wa là, eruku bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé títí a kò fi mọ àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀fìnkìn mú àbúrò mi. Ariwo rẹ̀ wá pọ̀ débi pé à ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà òde, ìyá mi kò sì gbé e kúrò láyà mọ́. Nígbà tó ṣe, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo náà dákẹ́. Kò sí híìn, kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà sùn, ó rọra ń mí, kò da ẹnikẹ́ni láàmú.

Bí ayọ̀ ṣe wọlé nìyẹn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Sóńgò, wọ́n dé tẹ̀rín tẹ̀rín, wọ́n ní ẹ ò rí i, omi wàláà ti jẹ́. Wọ́n ní sàráà kò gbọdọ̀ dọ̀la. Kíá ni wọ́n ti ń dín másà lágbàlá, òróró ń ta, òórùn àlùbọ́sà gbòde. Ààfáà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ kéú rẹ̀, wọ́n ń ṣe àdúrà, à ń ṣe àmín. Onílé wa wá jó díẹ̀ láàárín wa. Bàbá mi wọ agbádá. Ìyá Àgbà nìkan ni kò sí nílé, wọ́n ti lọ ra àdín lọ́jà láti ìdájí.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n wọlé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, garawa àdín ṣì wà lórí wọn, wọ́n wo gbogbo wa.

"Mi ò gbọ́ ọmọ mi," ni wọ́n wí.

"Ẹ bá wa yọ̀, Ìyá!" ni Ìyá Sóńgò ké. "Láti àárọ̀ ló ti dákẹ́. Ẹ gba másà."

Ìyá Àgbà kò gba másà. Wọ́n sọ garawa náà kalẹ̀, wọ́n kọjú sí ìyá mi. "Ṣé ó mu ọmú?"

"Ó ń sùn ni, Ìyá. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Mo ní, ṣé ó mu ọmú?"

Ìyá mi wo ojú ọmọ náà. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi wé e nítorí òtútù, wọ́n tú ti abẹ́ rẹ̀, wọ́n bọ́ ẹ̀wù. Nígbà náà ni a rí i. Bó bá ti mí, ìsàlẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ á wọnú, ikùn rẹ̀ á yọ síta. Kòtò kan ń jìn lọ́rùn rẹ̀. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ètè rẹ̀ dà bí eérú, òógùn sì bò ó nínú ọyẹ́.

"Ẹ yé fetí gbọ́ ọ. Ẹ fojú wò ó!" ni Ìyá Àgbà ké. "Kò lágbára tí yóò fi pariwo mọ́ ni."

"Due, due!" ni onílé wa ń fi Twi kẹ́dùn, ó sì ti sáré bọ́ sí títì láti dá tasí dúró. Àdúrà ààfáà já sí méjì. Bí a ṣe wọ tasí náà ni mo rántí, èmi, ìyá mi àti Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbé ọmọ náà ró sáyà wọn, wọn kò jẹ́ kó dùbúlẹ̀, wọ́n ń fẹnu sọ fún un ní gbogbo ọ̀nà pé, "Mí, ọmọ mi. Mí."

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan rí ọmọ náà, kò dúró béèrè orúkọ, ó gbé e sáré wọlé. Wọ́n ní òtútù ti wọ àyà rẹ̀, lórí ọ̀fun tó ti há tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà gbé afẹ́fẹ́ láti inú àgbá irin sí i nímú. Ìyá nìkan ni wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ wọn ṣófo. "Ibi tí èmi mọ̀ dé nìyí," ni wọ́n sọ fún mi, a sì lọ jókòó sábẹ́ igi.

Ìyá Sóńgò fẹsẹ̀ rìn dé, òórùn òróró másà ṣì wà lára aṣọ wọn. Wọ́n jókòó tì wá. Omi ń bọ́ lójú wọn.

"Ìyá, mo dín másà. Ikú ń mú ọmọ lọ, mo ń dín másà. Ẹ bú mi."

Ìyá Àgbà kò bú wọn. "Nígbà tí mo rọ tèmi tán," ni wọ́n wí, "ariwo rẹ̀ dákẹ́. Èmi náà ní alhamdulillahi. Mo tẹ́ ẹ síbùsùn, mo lọ dáná." Wọ́n mú ọwọ́ Ìyá Sóńgò, wọ́n gbé e sórí itan wọn, bí wọ́n sì ṣe wà nìyẹn títí bàbá mi fi wá.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá tí kò sẹ́ni tó jẹun dáadáa nílé wa. Àràárọ̀ ni à ń lọ jókòó sábẹ́ igi náà. Lọ́jọ́ kan ni ìyá mi sáré jáde, gèlè kò sí lórí wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Twi àti Yorùbá dàpọ̀ lẹ́nu wọn. "Ó ti ń pariwo! Ìyá, ó mu ọmú, ó sì ti ń pariwo!"

Ìyá Sóńgò kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n tún ṣe sàráà nígbà tí ọmọ délé, wọ́n sọ fún ààfáà pé ti ariwo ni. Ààfáà ní àwọn kò mọ àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún ariwo. Ìyá Sóńgò ní kí wọ́n ṣáà ṣe èyíkéyìí.

Àbúrò mi ti lé lọ́mọ ọdún kan, ó ti ń rìn kiri àgbàlá tó ń lé adìyẹ, kí ariwo náà tó lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó lọ. Ìyàwó kejì kò dé mọ́, Ìyá Sóńgò fúnra wọn ló lé ọ̀rọ̀ náà jáde. Nígbà tí a kó padà sí Ìlọrin ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ilẹ̀ Kùmásí ti gba Ìyá Àgbà. Mo fẹ́ràn wọn, mi ò sì sọ ọ́ fún wọn rí. Ta ló ń sọ irú rẹ̀ fún àgbàlagbà nígbà náà?

Ẹ̀kọ́ wọn kò jẹ́ kí n sinmi láyé yìí. Ọmọ tó ń ké kì í bà mí lẹ́rù, èèyàn tó ń ráhùn kì í bà mí lẹ́rù. Nígbà tí ọmọbìnrin mi kan lọ sílé ọkọ ní ìlú òkèèrè, ẹjọ́ ló ń rò fún mi ní gbogbo ìgbà, títí etí mi fi kún. Nígbà tó yá, kò rojọ́ mọ́. Bí mo bá bi í, á ní, "Àlàáfíà ni, Màmá." Bàbá rẹ̀ ní ilé ọkọ ti mọ́ ọn lára, ká dúpẹ́. Gbogbo ẹbí ń dúpẹ́.

Mi ò lè bá wọn dúpẹ́. Mo wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ láìránṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé oúnjẹ wá. Mo ní kó jókòó tì mí, mo sì ṣí ìborùn kúrò léjìká rẹ̀. Egungun ni mo rí, àti ojú ọgbẹ́. Mo ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀.

Inú mọ́tò ló ti bú sẹ́kún. Ó sunkún kíkan kíkan, gbogbo èrò ń bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní kí n rẹ ọmọ mi lẹ́kún. Mo ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kó sunkún.